Bí Fáàfù Ṣe Ń Balẹ̀

Lẹ́yìn Géètì, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú fún epo ọgbọ̀n ọdún,
Ràlíátù gbé kọ̀ǹpútà lé orí dúrọ́ọ̀mù òfìfo,
ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi yọ káàmù kúrò nínú ẹ̀ńjìnnì yìí."

Mo wò ó. Káàmù!
Ọ̀pá tí ń yí, tí ń fi kókó èjìká ti fáàfù,
tí yóò ní "ṣí," tí fáàfù yóò ṣí,
tí yóò kẹ̀yìn, tí sípíríǹgì yóò ní "padà sílé."
Láti ọjọ́ tí mo ti ń fọwọ́ kan irin
n kò rí fáàfù tí kò ní ọ̀gá lórí.
Mo ní, "Ta ni yóò máa pàṣẹ?"
Ó ní, "Epo ni."

Epo tí a fún gba ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ihò abẹ́rẹ́,
ilẹ̀kùn kékeré kan tí iná mànàmáná ń ṣí, tó ń tì:
epo wọlé, fáàfù sọ̀kalẹ̀;
epo jáde, fáàfù gòkè.
Ó rọrùn lẹ́nu. Àtisọ̀kalẹ̀ kò le.
Ìpadà sórí ìjókòó ni ọ̀rọ̀ wà.
Òkè ló ń lọ, síbẹ̀ bíbalẹ̀ là ń pè é.

Alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní: gbà! gbà! gbà!
bí ẹni tó ń fi ìbínú ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò.
Kó tó di aago mẹ́jọ, ẹnu fáàfù ti là.
Ràlíátù kò sọ̀rọ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé.
Ó ní, "Kò tíì mọ bí a ṣe ń balẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irin ní sùúrù:
sáré láàárín ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mú ọ;
ṣùgbọ́n bí ilé bá ku ìwọ̀n irun orí mẹ́ta,
fà sẹ́yìn, rọra, bí ìyá
tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ẹní,
tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè kúrò lábẹ́ orí ọmọ.

Epo pàápàá ní ìwà tirẹ̀.
Lówùúrọ̀ ọyẹ́, tí Òkè Àrẹ̀mọ kò tíì yọ nínú kùrukùru,
a ki, a lọ́ra bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun;
lọ́sàn-án, tí páànù ìsọ̀ wa ń ta pàpà,
a ṣàn ju àṣẹ lọ.
Bí o bá ní "dúró," epo a kọ́kọ́ rò ó ná.
Àfi kí o pàṣẹ kí àkókò àṣẹ tó pé,
kí o ka àṣìṣe ìyí yìí, kí o fi tún ìyí tó ń bọ̀ ṣe,
ẹgbẹ̀rún ìgbà kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán tán.

Mo jókòó sórí táyà, mò ń wo ọwọ́ mi.
Mùfútáù, bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́.
Ó di nọ́ọ̀tì kan ní àdìjù, ó já.
Ọwọ́ mi gbéra.
Kò sí ohun tó fà á sẹ́yìn nígbà tó ku irun orí mẹ́ta.
Etí òsì ọmọ náà kò gbọ́ nǹkan mọ́ láti ọjọ́ náà.
Òun ló sì rán ọmọ rẹ̀ sí mi:
"Lọ bá Ọ̀gá Akínlàbí. Kò sẹ́ni tó mọ ohùn fáàfù tó o."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó tẹ bọ́tìnnì.
Mo gbọ́ fáànù, mo gbọ́ èéfín tó ń mí,
mo gbọ́ ẹni tó ń ná búrẹ́èkì ní ìsọ̀ kejì.
Fáàfù, n kò gbọ́.
Mo ní, "Ó ti kú." Ó rẹ́rìn-ín,
ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé orí irin:
ó wà níbẹ̀, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń balẹ̀,
kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ó ní bàbá òun ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé.
Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo tún dá a padà.
Bí ó bá dé, ọ̀tún rẹ̀ ni n ó jókòó sí,
kó lè gbọ́ mi.